Ìwé Gbèsè Okòwò Àtijọ́ Tún Dé, Apá Ò sì Ká A Mọ́: Bí Ẹ Ó Ṣe Fèsì

Ìbéèrè kan náà ni, ẹnu tó ń gbé e wá ló ń yàtọ̀. Ẹni tó bi mí kẹ́yìn ń ta ẹja tútù ní Ìsìkàn nígbà kan rí. Ó ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa láti bí ọdún mẹ́jọ, ó sì ti gbàgbé, àfi bí ọlọ́kadà kan ṣe já ìwé fún un lẹ́nu ọ̀nà pé kó wá san mílíọ̀nù mẹ́rin náírà ó lé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, n kò ní in. Ṣé kí n kúkú lọ sí kóòtù kí wọ́n kéde pé apá mi ò ká gbèsè mọ́, kí n lè rí oorun sùn?"

Èmi kì í ṣe lọ́yà o. Akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì lọ́yà kan ní Alágbàkà, níbí ní Àkúrẹ́. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ kí ọ̀gá tó rí i. Èsì tí èèyàn fún ìwé àkọ́kọ́ ló sábà máa ń dá èyí tó pọ̀ jù nínú wàhálà tó kù sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ tò ó bí mo ṣe tò ó yìí, ẹ má fò.

## Ọjọ́ tí ìwé bá dé

1. Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí tó dé sí ẹ̀yìn àpòòwé, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó gbé e wá. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ojú ewé. Ẹ má ya ìwé náà, ẹ má sì dá a padà.

2. Ẹ wò ó bóyá kóòtù ló ti wá. Ìwé lọ́yà, bó ti wù kó le tó, ìwé lọ́yà náà ni. Ìwé kóòtù máa ń ní orúkọ kóòtù lókè, nọ́ńbà ẹjọ́ àti òǹtẹ̀, bélífù ló sì sábà máa ń gbé e wá. Tó bá jẹ́ ìwé kóòtù, ẹ wá lọ́yà lọ lónìí. Ẹ lè padà wá ka ìyókù lálẹ́. Ẹni tí kò bá fèsì sí ìwé kóòtù, adájọ́ lè dá a lẹ́bi láìrí ojú rẹ̀.

3. Ẹ má san kọ́bọ̀. Mo mọ̀ pé ó ń ṣe yín bíi kí ẹ fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá tù wọ́n lójú. Ẹ dúró.

4. Ẹ má kọ "mo mọ̀ pé mo jẹ yín" síbì kankan. WhatsApp náà wà lára ibì kankan.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ìkẹta àti ìkẹrin ni pé gbèsè àdéhùn ní ọjọ́ orí. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá, ọdún 6 ni òfin fún ẹni tí a jẹ lówó láti gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sí kóòtù, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí owó náà yẹ ní sísan tí a ò san án. Bí ẹ bá san díẹ̀ lára rẹ̀ tàbí tí ẹ fọwọ́ sí ìwé pé ẹ jẹ ẹ́, ọdún náà lè bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Agbowó mọ èyí dáadáa. Òun ló fi ń sọ pé, "Ẹ ṣáà fún wa ní ohunkóhun tó bá wà lọ́wọ́, kí ọ̀gá wa lè rí i pé ẹ fẹ́ san."

Ẹ má fi ọwọ́ ara yín ka ọdún náà ṣá o. Tí wọ́n bá ti gba ìdájọ́ kóòtù lórí yín rí, tàbí tó jẹ́ AMCON, ìyẹn iléeṣẹ́ ìjọba tó ra gbèsè lọ́wọ́ àwọn bánkì, ló ni gbèsè náà nísinsìnyí, ìṣirò rẹ̀ yàtọ̀. Lọ́yà ni kó kà á.

Ìwé kan tún wà tí kò ṣeé fi falẹ̀ rárá. Tí ẹni tó ti gba ìdájọ́ lórí yín bá fi ohun tí àwọn lọ́yà ń pè ní bankruptcy notice ránṣẹ́, ọjọ́ 14 péré ni ẹ ní. Láàárín rẹ̀ ni kí ẹ san án, tàbí kí ẹ bá a ṣe àdéhùn tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, tàbí kí ẹ fi han kóòtù pé òun náà jẹ yín ní iye tó tó tiyín. Tí ọjọ́ 14 bá kọjá láìsí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ti rí ìdí tí yóò fi gbé yín lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ kí wọ́n kéde pé apá yín ò ká gbèsè mọ́. Ẹ má sì sọ pé gbèsè yín kéré jù fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Iye tó kéré jù tí òfin kọ sílẹ̀ ni ₦2,000. Ẹ gbé ẹgbẹ̀rún méjì lọ sí Ọjà Ọba lónìí kí ẹ wo ohun tí yóò rà.

## Ta ló ń bèèrè owó gan-an?

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n á rí orúkọ bánkì tí wọn ò yáwó lọ́wọ́ rẹ̀ rí, wọ́n á ní gbájúẹ̀ ni, wọ́n á sọ ìwé sínú garawa ìdọ̀tí. Bánkì lè kú, gbèsè inú rẹ̀ á ṣí lọ sílé ẹlòmíràn. Ẹ wo àpẹẹrẹ díẹ̀:

- Oceanic wọ inú Ecobank ní 2011.
- Intercontinental wọ inú Access ní 2012. Diamond náà wọ inú Access ní 2019.
- Bank PHB di Keystone ní 2011.
- Skye di Polaris ní 2018.
- Wọ́n gba ìwé àṣẹ Heritage ní oṣù Kẹfà 2024. NDIC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń dáàbò bo owó àwọn èèyàn ní bánkì, ló ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́, òun náà ló sì ń gba owó tí àwọn èèyàn jẹ bánkì náà.
- Ní oṣù Karùn-ún 2023, CBN gba ìwé àṣẹ bánkì kéékèèké 132 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. NDIC náà ló ń bèèrè gbèsè ibẹ̀.
- AMCON, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2010, ra ọ̀pọ̀ gbèsè tó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn bánkì. Ẹni tó yáwó ṣáájú ìgbà yẹn lè rí ìwé wọn.

Lódì kejì, gbájúẹ̀ wà lóòótọ́. Kí ẹ tó gbà pé òótọ́ ni, ẹ wá àwọn nǹkan wọ̀nyí nínú ìwé náà:

- orúkọ ẹni tí ẹ kọ́kọ́ jẹ, àti nọ́ńbà àkáǹtì owó yíyá náà
- iye owó tí ẹ yá, iye èlé, àti ọjọ́ tí wọ́n ṣírò rẹ̀ dé
- ìwé tó fi hàn pé wọ́n ta gbèsè náà, tàbí pé wọ́n gbé e fún ẹni tó kọ̀wé láti bá wọn gbà
- àkáǹtì tí wọ́n ní kí ẹ san án sí: ṣé orúkọ bánkì tàbí kọ́ńpìnnì ló wà níbẹ̀, àbí orúkọ èèyàn?

Orúkọ èèyàn lásán lórí àkáǹtì, ẹ sá. Ẹni tó bá bèèrè BVN tàbí nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tó wọlé sórí fóònù yín, olè ni. Tó bá jẹ́ bánkì ni wọ́n dárúkọ, ẹ má pe nọ́ńbà inú ìwé náà. Ẹ fi ẹsẹ̀ yín rìn lọ sí ẹ̀ka wọn ní Alágbàkà tàbí ní òpópónà Ọ̀yẹ́mẹ́kún, kí ẹ bèèrè ẹni tó ń rí sí owó tó há. Ẹ bèèrè ni o, ẹ má jẹ́wọ́.

## Gbèsè ta ni?

Orúkọ okòwò tí ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní CAC láìsí "Limited": gbèsè yín ni. Orúkọ yẹn kò lè dá dúró níwájú òfin, ẹ̀yin gan-an ni. Títi ṣọ́ọ̀bù pa kò pa gbèsè.

Kọ́ńpìnnì tó ní "Limited": kọ́ńpìnnì ló jẹ ẹ́, kì í ṣe ẹ̀yin, àfi tí ẹ bá fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí onídùúró. Ó ṣọ̀wọ́n kí bánkì yá kọ́ńpìnnì kékeré lówó láìjẹ́ pé ọ̀gá ibẹ̀ fọwọ́ sí irú ìwé yẹn. Ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀dà rẹ̀ hàn yín. Tí wọn ò bá rí i, ọ̀rọ̀ yí padà.

Ẹ̀yin àti ẹnìkejì lẹ jọ dá a sílẹ̀: ẹni tí a jẹ lè mú ẹnì kan péré nínú yín kó san gbogbo rẹ̀. "Ìdajì tèmi nìkan ni màá san" kì í ṣe èsì.

Gbèsè ọkọ, gbèsè ìyàwó, gbèsè bàbá tó ti kú: tí ẹ ò bá fọwọ́ sí i, kì í ṣe tiyín. Ohun tí bàbá fi sílẹ̀ ni wọ́n lè gba gbèsè rẹ̀ nínú rẹ̀ kí ẹ tó pín ogún, wọn ò lè wá sínú àpò owó oṣù yín. Mo mọ̀ pé ẹbí lè ní kí ẹ san án nítorí orúkọ ilé. Ìyẹn ọwọ́ yín ló wà, kóòtù ò sọ bẹ́ẹ̀.

## Tí ẹ bá ti pinnu láti lọ sí kóòtù

Ẹ̀yin fúnra yín lè bẹ kóòtù pé apá yín ò ká gbèsè mọ́. Kò dìgbà tí ẹni tí ẹ jẹ bá fà yín lọ. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ló ni irú ẹjọ́ yìí, ó sì ní ẹ̀ka ní Àkúrẹ́. Ẹ má gbé e lọ sí kóòtù ìbílẹ̀ tàbí ti Májísíréètì.

1. Ẹ kọ gbogbo gbèsè sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀: bánkì, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ọjà tí ẹ gbà láwìn, owó tí àǹtí yín yá yín nígbà tí ọmọ ń wọ FUTA. Èyí tó ti pẹ́ ju ọdún 6 lọ náà, ẹ kọ ọ́, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé ẹ ò gbà pé ẹ ṣì jẹ ẹ́. Gbèsè àtijọ́ tí ẹ fò ló máa ń hu lẹ́yìn.

2. Ẹ kọ gbogbo ohun ìní. Ilẹ̀ Ọ̀bá-Ilé tí ẹ ò tíì kọ́ wà níbẹ̀, oko kòkó Ìdànrè náà. Ẹ má yára kọ ọ́ sórúkọ àbúrò. Kóòtù lè fa irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ ya, fífi ohun ìní pamọ́ sì lè sọ ọ̀rọ̀ owó lásán di ẹ̀ṣẹ̀.

3. Àṣẹ àkọ́kọ́. Bí kóòtù bá ti pa àṣẹ tí à ń pè ní receiving order, ohun ìní yín bọ́ sábẹ́ òṣìṣẹ́ tí òfin ń pè ní Official Receiver. Alábòójútó ni màá máa pè é. Láti ọjọ́ yẹn, àwọn tí ẹ jẹ kò lè pe ẹjọ́ tuntun lórí gbèsè náà tàbí kí wọ́n wá kó ẹrù yín láìgba àyè lọ́wọ́ kóòtù.

4. Ẹ lọ sí gbogbo ìpàdé. Àwọn tí ẹ jẹ á pàdé, wọ́n á sì bi yín léèrè ní gbangba nípa bí okòwò ṣe bàjẹ́. Ojú á tì yín. Ẹ lọ síbẹ̀.

Ọ̀nà yìí ní iye tó ń náni. Yàtọ̀ sí irinṣẹ́ iṣẹ́ ọwọ́, aṣọ àti ibùsùn dé iye kékeré kan, ohun tí ẹ ní lè lọ. Títí kóòtù á fi tú yín sílẹ̀ kúrò nínú gbèsè náà, ẹ ò lè díje fún ipò gómìnà tàbí aṣòfin, ẹ ò sì lè jẹ́ olùdarí kọ́ńpìnnì láìgbàyè kóòtù. Ẹ ò gbọ́dọ̀ yáwó tàbí gba ọjà àwìn láìsọ ipò yín fún ẹni tí ẹ fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Gbèsè tí èèyàn fi jìbìtì jẹ kì í sì í bá àwọn tó kù lọ.

## Ìwé tó bá tún dé lẹ́yìn àṣẹ kóòtù

Wọ́n á ṣì máa dé. Kọ̀ǹpútà agbowó ò ka àṣẹ adájọ́. Ẹ ya wọ́n sọ́tọ̀ báyìí, lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé gan-an:

Ó wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tó wà nínú àkọsílẹ̀ yín. Ẹ fi èsì kúkúrú ránṣẹ́, kí ẹ sì fún alábòójútó ní ẹ̀dà. Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ ó fi kọ ọ́ sí bánkì, ṣùgbọ́n ohun tó gbọ́dọ̀ wí nìyí:

> Mo rí ìwé yín ọjọ́ báyìí. Kóòtù ti pa àṣẹ lórí gbèsè mi lọ́jọ́ báyìí, nọ́ńbà ẹjọ́ rẹ̀ nìyí. Ẹ fi ẹ̀rí owó tí ẹ ní mo jẹ yín ránṣẹ́ sí alábòójútó ní àdírẹ́sì yìí. Ìwé mi yìí kì í ṣe ìjẹ́wọ́ gbèsè. Ẹ̀dà àṣẹ kóòtù wà nínú rẹ̀.

Ó tó. Ẹ má ṣàlàyé àìsàn, ẹ má tọrọ àforíjì, ẹ má dá ọjọ́. Ẹ gba òǹtẹ̀ wọn sórí ẹ̀dà tiyín.

Ó wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ gbàgbé láti kọ. Ẹ gbé e tọ alábòójútó lọ kí wọ́n fi kún un. Ẹ má rò pé ẹ lè yanjú rẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Ẹni tó gba ilé tàbí ilẹ̀ yín ní ìdúró fún owó tó yá yín ló kọ ọ́. Àṣẹ kóòtù kò dí ẹni tí C of O yín, ìyẹn ìwé ilẹ̀ yín, wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́nà bó ṣe dí àwọn yòókù. Ó ṣì lè ta ohun ìdúró náà. Lọ́yà ni kó fèsì sí èyí, kì í ṣe ẹ̀yin.

Orúkọ kọ́ńpìnnì ló wà lórí rẹ̀, kì í ṣe tiyín. Àṣẹ tó bo ẹ̀yin kò bo kọ́ńpìnnì. Tí kọ́ńpìnnì bá ṣì ní ẹ̀rọ tàbí ọkọ̀, wọ́n lè lépa ìyẹn.

Onídùúró yín ni wọ́n kọ̀wé sí. Èyí ló máa ń dun èèyàn jù. Ìtúsílẹ̀ yín kì í tú onídùúró sílẹ̀. Bùrọ̀dá ṣọ́ọ̀ṣì tó fọwọ́ sí i fún yín ní ọdún náà lọ́hùn-ún, òun ni wọ́n ń bọ̀ wá bá. Ẹ lọ sọ fún un kí ìwé tó dé ilé rẹ̀. Mo ti rí ọ̀rẹ́ ogún ọdún tó tú ká nítorí pé ẹnu agbowó lẹnì kan ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ẹ má sì san owó ẹnì kankan lábẹ́lẹ̀ kí ẹ fi àwọn yòókù sílẹ̀, ìbáà jẹ́ ìyá yín. Alábòójútó lè gba owó náà padà lọ́wọ́ rẹ̀.

## Tí wọ́n bá wá pẹ̀lú ọlọ́pàá

Láyé àtijọ́, ẹni tí a jẹ lè rán ológò lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, kó máa bú u, kó máa jẹ adìyẹ rẹ̀, títí ojú á fi tì í tó fi san. Àwọn kan ṣì rò pé iṣẹ́ ọlọ́pàá nìyẹn.

Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sọ ọ́ ní kedere pé wọn ò gbọ́dọ̀ mú èèyàn nítorí àdéhùn tó yẹ̀ tàbí ọ̀rọ̀ owó lásán. Wọn ò sì gbọ́dọ̀ mú ìyàwó tàbí ọmọ dípò yín. Tí wọ́n bá pè yín sí àgọ́, ẹ mú lọ́yà dání, ẹ mú ẹ̀dà àṣẹ kóòtù, ẹ má sì fọwọ́ sí ìwé "màá san títí ọjọ́ báyìí" láti lè jáde.

Sọ̀wédowó tí kò lówó nínú ni ẹ ní láti bẹ̀rù. Tí ẹ bá fún wọn ní sọ̀wédowó tó sì padà, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin tó ti wà láti 1977, ó sì lè fa ẹ̀wọ̀n ọdún 2. Nítorí náà, bí agbowó bá ní kí ẹ kọ sọ̀wédowó ọjọ́ iwájú sílẹ̀ fún òun, ẹ kọ̀.

## Tí owó bá dédé kúrò lákàáǹtì

Láti oṣù Kẹjọ 2020 ni CBN ti gba bánkì láyè láti fa owó yíyá tí a ò san nínú àkáǹtì yòówù tó wà lórí BVN onígbèsè, ní bánkì yòówù. GSI ni wọ́n ń pè é. Owó tí ẹ yá àti èlé rẹ̀ nìkan ló kàn, kò kan owó ìtanràn, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí ìwé pé ẹ gbà bẹ́ẹ̀. Tí gbèsè yín bá ti wà ṣáájú ìgbà náà, ẹ kọ̀wé sí bánkì pé kí wọ́n fi ìwé tí ẹ fọwọ́ sí hàn yín. Tí wọn ò bá dáhùn, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka CBN tó ń dáàbò bo oníbàárà.

Tó bá jẹ́ pé ṣe ni àkáǹtì kàn dì pa, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti gba àṣẹ kóòtù lórí owó inú rẹ̀. Ẹ bèèrè ẹ̀dà àṣẹ náà ní bánkì, kí ẹ gbé e fún lọ́yà lọ́jọ́ náà.

## Ṣé dandan ni kóòtù?

Rárá. Lójú tèmi, ẹni tí gbèsè rẹ̀ kò ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ, tó sì ṣì ń rí owó díẹ̀ wọlé, kò nílò rẹ̀. Bánkì tó ti ka gbèsè sí òfò sábà máa ń gba iye tó dín, pàápàá tí ẹ bá lè san án lẹ́ẹ̀kan náà. Kí lọ́yà bá yín bá wọn sọ̀rọ̀, kí àdéhùn wà lákọsílẹ̀ kí owó tó jáde, kí ìwé "kò jẹ wá mọ́" sì tẹ̀ yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá san tán. Ẹni tí àwọn tó jẹ pọ̀, tí wọ́n ń fà á sọ́tùn-ún sósì, òun ni kóòtù yẹ fún.

Tí kò bá sí owó lọ́yà, ẹ lọ sí ọ́fíìsì Legal Aid Council ní Àkúrẹ́. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kéré ni wọ́n ń bá ṣe é. Ẹ mú ìwé gbèsè, ìwé CAC, àti ìwé àkáǹtì oṣù mélòó kan sẹ́yìn dání, wọn ò ní lè ràn yín lọ́wọ́ pẹ̀lú ẹnu lásán.

## Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá parí

Ẹ gba àkọsílẹ̀ gbèsè yín lọ́dọ̀ CRC tàbí FirstCentral, àwọn iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹni tó yáwó. Òfin fún yín ní ẹ̀tọ́ sí ẹyọ kan lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún. Ẹ wò ó bóyá gbèsè tí ẹ ti san tàbí tí kóòtù ti tú yín sílẹ̀ lórí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ bíi pé kò tíì parí. Tó bá wà níbẹ̀, ẹ kọ̀wé sí wọn kí wọ́n tún un ṣe, kí ẹ so ẹ̀dà ìwé ìtúsílẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀dà ni o. Ojúlówó rẹ̀, ẹ gbé e sínú ọ̀rá, kí ẹ tì í mọ́ inú àpótí tí ìwé ilẹ̀ wà.